Ìdámẹ́wàá

Orí ọ̀sà Mákòókó ni oòrùn kọ́kọ́ ń bọ́ sí
kí ó tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta.
Kò kórìíra omi dúdú wa,
kò bìkítà fún ọ̀rá àti ike tí ìlú ń dà sí wa lẹ́sẹ̀.
Ó wọlé tààrà,
ó bá ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára òpó ilé,
èyí tí màmá mi máa ń fi ọ̀bẹ ha, tó máa ń ṣépè fún,
ohun tí kò lẹ́nu, tí kò níkùn,
tó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ lásán se oúnjẹ láìdáná.

Edé jẹ ẹ́.
Ẹja wẹ́wẹ́ jẹ edé.
Ọ̀bọ̀kún gbé ẹja wẹ́wẹ́ mì, kò tilẹ̀ rún un lẹ́nu.
Húnsù, bàbá màmá mi, bá ọ̀bọ̀kún lójú àwọ̀n
ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
lẹ́yìn tó tukọ̀ lóru títí dé abẹ́ afárá gígùn.
Ó jù ú sílẹ̀ lórí pákó.
"Ọ̀kan péré," ló wí, ó lọ sùn.

Àbúrò mi Màwùtín, tí ilé ìwé ń gùn lórí,
mú èédú, ó kọ ìṣírò sára ògiri:
kílò kan ọ̀bọ̀kún,
mẹ́wàá ẹja wẹ́wẹ́,
ọgọ́rùn-ún edé,
ẹgbẹ̀rún kílò nǹkan yíyọ̀ tí màmá ń ha dànù.
"Ní ipele kọ̀ọ̀kan, ìdámẹ́wàá ló ń gòkè."
Màmá ní, "Bí pásítọ̀ bá gba ìdámẹ́wàá,
mẹ́sàn-án á ṣì kù sí mi lọ́wọ́.
Ta ló ń kó mẹ́sàn-án ti ẹja lọ?"
"Wọ́n ná an ni. Edé ń fò, ó ń ná an.
Ẹja ń sá fún ẹja, ó ń ná an.
Ó di ooru, ó bọ́ lọ.
Wíwà láàyè fúnra rẹ̀, owó ilé ni."
Màmá wo ògiri rẹ̀ tó ti dọ̀tí. Kò sọ̀rọ̀.

Láti orí ẹní, ohùn Húnsù jáde,
a ti rò pé ó ti sùn:
"Àwọn tó ń da yanrìn sí ọ̀sà lọ́hùn-ún,
ẹgbẹ̀rún yẹn ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀.
Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ ìṣírò."

Lẹ́búlẹ́bú igi láti Ọ̀kọ́ Bàbá ni màmá fi yan ẹja náà,
igi tó fi ọgọ́ta ọdún mu oòrùn nínú igbó Oǹdó,
tó léfòó wá sí Èkó, tí ayùn lọ̀ ọ́ kúnná.
Èéfín ta mí lójú.
Mo rò ó pé oòrùn kan ló ń yan òmíràn.

Wọ́n mú iná lọ kí a tó bu oúnjẹ.
A jẹun lókùnkùn, ìka ń wá ẹran ara ẹja,
ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tí mi ò rántí mọ́
ń yọ́ lórí ahọ́n mi,
ìdá kan nínú ìdá kan nínú ìdá kan.
Orí ẹja di ti Húnsù. Egungun gba àárín pákó sọ̀ kalẹ̀,
a gbọ́ tí akàn ń fà á lábẹ́ ilé.
Akàn kì í wọ̀n ọ́n kó tó gbà á.

Nígbà tó yá, màmá gbé ọwọ́ lé ọrùn mi
láti mọ̀ bóyá ibà ti lọ.
Ọwọ́ náà gbóná, ó ń rùn èéfín,
mo sì mọ ibi tí díẹ̀ nínú mẹ́sàn-án náà ń gbà lọ.
Mi ò sọ fún Màwùtín.
Ó ṣì ń fọwọ́ pá àwo nínú òkùnkùn,
ó ń bèèrè bóyá ìrù ṣẹ́kù.